Bí A Ṣe Ń Kó Ẹrẹ̀ Nínú Adágún Tí Kò Jìn Láìba Omi Jẹ́

Ní Òṣogbo, bí adágún kan bá ti ń kún, ohun tí ará àdúgbò kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé kí wọ́n lọ wá katapílà. Wọ́n á dá owó jọ, katapílà á dé, wọ́n á gbẹ́ ẹ títí kan ilẹ̀ pupa, omi á jìn, inú gbogbo èèyàn á sì dùn. Nígbà tí òjò bá fi máa rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, omi ti rú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹja ti kú, ẹrẹ̀ sì ti padà. Mo fi ojú ara mi rí irú rẹ̀ lẹ́yìn àdúgbò wa, mo sì wà lára àwọn tó dá owó. Oṣù karùn-ún ni wọ́n kó ẹrẹ̀ náà jáde, etí omi níbẹ̀ gan-an ni wọ́n wọ́ ọ jọ sí. Òjò ńlá kan ṣoṣo ló gbá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà sínú omi. Ó dùn mí gan-an. Àtìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn tó mọ̀ léèrè, tí mo sì ń ṣọ́ omi fúnra mi. Ohun tí mo rí kó jọ ni mo kọ síbí fún ẹgbẹ́ àdúgbò, fún ilé-ìwé tó ní adágún, àti fún ẹni tó ní ọ̀gọ̀dọ̀ ńlá lóko.

Ibi tí ẹrẹ̀ ti ń wá ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Kíkó o jáde ló máa kẹ́yìn.

Ohun tó jẹ́ kí adágún tí kò jìn yàtọ̀

Adágún tí jíjìn rẹ̀ kò ju mítà 3 lọ kì í hùwà bí odò ńlá tí wọ́n fi ògiri sé. Oòrùn lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ewéko máa ń ta gbòǹgbò sínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, gbòǹgbò yẹn ló sì ń di ẹrẹ̀ mú kó má bàa rú. Ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sábẹ́ ewé, àkèré ń yé sí i, omi á mọ́ gaara.

Bí àgbàrá bá wá ń gbé ajílẹ̀ oko, omi ọṣẹ àti ìgbẹ́ wọ inú rẹ̀, ohun tó ń bọ́ ewéko á pọ̀ jù. Ohun kíkéékèèké tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé á gbilẹ̀ lójú omi, ìmọ́lẹ̀ kò ní dé ìsàlẹ̀ mọ́, ewéko ìsàlẹ̀ á kú, á jẹrà, òun náà á di ẹrẹ̀. Nígbà yẹn kò sí gbòǹgbò tó máa di ilẹ̀ mú. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ á fẹ́, omi á rú. Ẹja àrọ̀ tó ń wá oúnjẹ nísàlẹ̀ á tú u, omi á tún rú. Adágún tó bá ti dé ibẹ̀ kì í sábà dá padà fúnra rẹ̀, kódà bí ìdọ̀tí tó ń wọlé bá dín kù, torí pé ẹrẹ̀ tó ti wà nísàlẹ̀ ṣì ń tú ohun tó fi pamọ́ sínú omi. Ìgbà yẹn ni kíkó ẹrẹ̀ tó wúlò. Adágún tí omi rẹ̀ ṣì mọ́, tí òṣíbàtà ṣì ń tanná nínú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, kódà bí kò jìn. Jíjìn kọ́ ni ìlera rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ jáde nígbà tí òjò bá ń rọ̀

Ẹ wọ bàtà rọ́bà, ẹ tẹ̀lé gbogbo àgbàrá tó ń já sínú adágún títí dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ó kéré tán: lásìkò òjò àkọ́rọ̀, láàárín ìgbà òjò, àti nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ ya àwòrán ibi tí omi ti ń gbà sórí ìwé. Òkè àti ọ̀gbun pọ̀ nílùú wa, ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro fún ilé kíkọ́ lójú òkè lè fi yanrìn kún adágún ìsàlẹ̀ láàárín ọdún kan péré.

Ẹ bu ẹrẹ̀ díẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò rà á mọ́ ìka. Èyí tó bá ń họ ọwọ́ tó sì pupa, ilẹ̀ tí àgbàrá wọ́ wá ni. Èyí tó bá dúdú, tó ń yọ̀, tó ń rùn bí ẹyin tó ti jẹrà, ewé jíjẹrà àti omi ẹ̀gbin ló ti wá, afẹ́fẹ́ kò sì sí nínú rẹ̀. Oògùn àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Ti àkọ́kọ́, òkè ni ẹ ó ti lọ tọ́jú ilẹ̀. Ti ìkejì, ẹ lọ wo ṣáláńgá àti sọ́kọ́wé tó ń jò, ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, àti ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí ọjà sí.

Ìlú aró ni wá, mi ò lè fo èyí. Aró ìbílẹ̀ tí a ń fi ewé èlú àti eérú ṣe kì í ṣe ìṣòro ńlá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àdìrẹ òde òní ni wọ́n ń fi sódà jíjóni àti ìyẹ̀fun kẹ́míkà rẹ. Omi tó bá kù nínú ìkòkò irú aró bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kan gọ́tà tó ń ṣàn lọ sínú adágún. Kí àwọn ìyá wa tó ń rẹ aṣọ ní kòtò tiwọn, tó jìnnà sí omi àti kànga, tí àgbàrá kò lè dé. Ẹ lọ bá wọn jókòó, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ bá wọn gbẹ́ kòtò náà. Kíkígbe àṣẹ mọ́ wọn kò ràn án.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ dí ọ̀nà tí ẹrẹ̀ ń gbà wọlé

Lójú ọ̀nà àgbàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ gbẹ́ kòtò kan tí omi máa kọ́kọ́ já sí kó tó dé adágún. Kí gígùn rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ìbú rẹ̀, kí omi bàa lè rọra rìn kọjá nínú rẹ̀, kí yanrìn lè sinmi sísàlẹ̀. Ẹ to òkúta sí ẹnu ibi tó ti ń jáde. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tàbí bàrò lè dé etí rẹ̀, nítorí pé ọdọọdún ni ẹ ó máa kó o. Kíkó yanrìn nínú kòtò kékeré bẹ́ẹ̀ kò gbà ju ṣọ́bìrì àti ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ.

Láàárín kòtò náà àti adágún, ẹ fi ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 5 sí 10 sílẹ̀ yí omi ká, kí koríko hù sí i. Kò sí oko níbẹ̀, kò sí ajílẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ sun ún. Inú máa ń bí mi bí mo bá rí i tí wọ́n ń gé gbogbo koríko etí omi mọ́lẹ̀ nítorí pé ó “dọ̀tí”. Koríko yẹn ni asẹ́ tí omi ní.

Ẹ jẹ́ kí ìgbà òjò kan kọjá lórí iṣẹ́ yìí kí ẹ tó ronú nípa kíkó ẹrẹ̀. Nígbà mìíràn, adágún á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ fúnra rẹ̀, owó katapílà á sì kù sínú àpò yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wọn omi, ẹ wọn ẹrẹ̀

Ẹ wá ọkọ̀ ojú omi kékeré, okùn tí ẹ so kókó sí ní mítà 10 sí ara wọn, àti ọ̀pá méjì. Ẹ kan pákó pẹlẹbẹ roboto tó tó abọ́ ìjẹun mọ́ ìdí ọ̀pá kan, ẹ fi ìkejì sílẹ̀ ní tín-ín-rín, irin kọ́ńkéré ló dára jù. Ẹ na okùn láti etí kan sí èkejì. Ní kókó kọ̀ọ̀kan, ẹ rọra sọ ọ̀pá onípákó sílẹ̀: ibi tó bá dúró ni ojú ẹrẹ̀. Ẹ wá ti ọ̀pá irin wọlé títí tó fi kan ilẹ̀ líle. Ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni nínípọn ẹrẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sún okùn ní mítà 10, kí ẹ tún ṣe é.

Ìṣirò rẹ̀ lọ báyìí. Ká ní adágún yín gùn ní mítà 100, ó fẹ̀ ní mítà 80, ojú rẹ̀ jẹ́ 8,000 mítà níbùú lóròó. Bí ẹ bá fẹ́ kó ẹrẹ̀ tó nípọn ní ìdajì mítà lórí ìlàjì adágún náà, ẹrẹ̀ tí ẹ ó kó á jẹ́ 2,000 kúbíìkì mítà. Típà tó ń gbé kúbíìkì mítà 10 á lọ ní ìgbà 200. Ṣùgbọ́n omi ló pọ̀ jù nínú ẹrẹ̀ rírọ̀, bí ẹ bá jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó gbé e, ó lè dín sí ìlàjì. Ẹni tó bá gbé ẹrẹ̀ tútù, omi ló ń sanwó gbé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gbé ẹrẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò

Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, òun náà ló sì léwu jù. Ẹ bu ẹrẹ̀ ní ojú ibi márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lójú ibi tí àgbàrá ti ń wọlé àti láàárín gbùngbùn. Ẹ má bu ti òkè nìkan, ẹ bu ti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, ẹ fi sínú ọ̀rá mímọ́, ẹ kọ ibi tí ẹ ti bu ú sára rẹ̀. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀, IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, náà wà ní Ìbàdàn. Ẹ ní kí wọ́n wo àwọn májèlé bí òjé, kádímíọ́mù, àsẹ́níìkì àti mẹ́kúrì, kí wọ́n sì wo fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ohun tó ń bọ́ ewéko, tó wà nínú rẹ̀.

Ìdí tí mo fi mẹ́nu kan mẹ́kúrì ni pé àwọn kan lára àwọn tó ń wa góòlù máa ń fi í kó wúrà jọ. Iṣẹ́ ìwakùsà góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, lókè odò wa, sì ti sọ omi Ọ̀ṣun di àwọ̀ ẹrẹ̀ láwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Adágún tó bá ń gba omi láti odò tó ṣàn gba irú ibẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ẹrẹ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀. Májèlé tó ti sinmi sínú ẹrẹ̀ tí kò sẹ́ni tó tú u máa ń dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọjọ́ tí katapílà bá tú u ló máa jáde sínú omi, látinú omi sínú ẹja, látinú ẹja sínú ọbẹ̀ wa. Bí àyẹ̀wò bá ti fi irú rẹ̀ hàn, ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ ké sí Ilé-iṣẹ́ Àyíká ti ìpínlẹ̀. Ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kan oko ẹ̀fọ́ láé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àṣẹ

Ẹ kọ̀wé sí Ilé-iṣẹ́ Àyíká ní Òṣogbo, kí ẹ sì béèrè bóyá iṣẹ́ yín tó èyí tí òfin àyẹ̀wò ipa lórí àyíká ti ọdún 1992 béèrè fún. Bí omi náà bá so mọ́ odò, ó kan Àjọ Àgbègbè Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun. Baálẹ̀ àti ààfin Àtáọ́ja, ẹ má fo ibẹ̀.

Ti Igbó Ọ̀ṣun yàtọ̀ pátápátá. Ìrántí orílẹ̀-èdè ló ti jẹ́ láti ọdún 1965, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005. A kì í pa ẹja níbẹ̀, a kì í gé igi níbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ nínú ìtọ́sọ́nà yìí kò kan omi inú igbó náà rárá. Bí adágún yín bá wà lókè rẹ̀, tí omi yín ń ṣàn lọ síbẹ̀, ẹ lọ sọ fún àwọn olùtọ́jú igbó àti Àwòrò kí ẹ tó fi irin kan omi. Gbogbo ọmọ Òròkí ló mọ ìtàn náà: igi tí wọ́n gé ya lulẹ̀ sínú odò, ó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, ohùn sì ké láti inú omi wá. Mi ò mọ ìtàn mìíràn tó bá iṣẹ́ yìí mu tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìgbà tó yẹ

Láti àárín oṣù kọkànlá títí di ìparí oṣù kejì. Omi ti fà, ọyẹ́ á gbẹ ẹrẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, òjò kò ní gbá a padà. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, àrọ̀ á máa wá etí omi tó ní koríko láti yé sí, àkèré náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń gbẹ́ etí omi nígbà yẹn ń pa ẹja ọdún tó ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ yan ọ̀nà tó bá omi yín mu

Bí adágún kò bá ju púlọ́ọ̀tì mélòó kan lọ, ẹ fa omi rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ fi ṣọ́bìrì àti bàrò kó ẹrẹ̀. Ọ̀nà yìí ló rọra jù, ó sì ń fún àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́. Ẹ fi àwọ̀n kó ẹja sínú ọ̀gọ̀dọ̀ tàbí táǹkì kí omi tó gbẹ. Kí gbogbo òṣìṣẹ́ wọ bàtà rọ́bà tó dé itan àti ìbọ̀wọ́, nítorí kòkòrò tó ń jáde lára ìgbín omi kéékèèké máa ń gba ara wọlé, òun ló ń fa ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀.

Bí ó bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, katapílà ọlọ́wọ́ gígùn tó dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ ló dára. Kò gbọdọ̀ wọ inú omi. Ẹ yàn fún un ojú ibi kan tàbí méjì tí yóò dúró sí, kó má bàa tẹ gbogbo etí omi pa. Kí wọ́n fọ epo àti gírísì ara rẹ̀ kó tó dé, kí wọ́n má sì bu epo sí i létí omi.

Fún adágún ńlá, ẹ̀rọ tó ń fi páìpù fa ẹrẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń fi sìtírọ́ọ̀ fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò kì í fi bẹ́ẹ̀ rú omi. Ṣùgbọ́n omi tó ń fà mọ́ ẹrẹ̀ pọ̀ gan-an, ó ń béèrè ilẹ̀ gbọọrọ fún gbígbẹ tàbí àpò aṣọ ńláńlá tó ń sẹ́ omi jáde. Owó rẹ̀ ga.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ọjọ́ iṣẹ́

Ìlàjì ni kí ẹ kó lọ́dún kan. Ìlàjì kejì di ọdún tó ń bọ̀ tàbí èyí tó tẹ̀ lé e. Ibi tí ẹ kò bá fọwọ́ kàn ni ẹja, ìgbín, kòkòrò àti irúgbìn ewéko á fi ṣe ibùsọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti padà wá.

Ẹ na aṣọ tápólì tó nípọn sínú omi láti fi pààlà. Ẹ so jálá òfìfo mọ́ òkè rẹ̀ kó léfòó, ẹ so òkúta tàbí ṣéènì mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó wà nílẹ̀. Ẹrẹ̀ tó bá rú á wà lápá kan.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wá ọmọrí ìkòkò funfun tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ kun ún ní dúdú àti funfun ní igun mẹ́rin, ẹ so ó mọ́ okùn, ẹ sọ ọ́ sínú omi títí tí ẹ kò fi rí i mọ́. Ẹ kọ jíjìn náà sílẹ̀. Lójoojúmọ́ tí iṣẹ́ bá ń lọ, ẹ wọn lódì kejì aṣọ náà. Bí ohun tí ẹ rí bá ti dín ju ìlàjì ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ dá ẹ̀rọ dúró títí di ọjọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe bí ẹja bá ń ya ẹnu lójú omi láàárọ̀ kùtù: afẹ́fẹ́ inú omi ti tán nìyẹn, ẹrẹ̀ dúdú tí ẹ tú ló gbà á.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí awakọ̀ katapílà mọ̀ kó tó tan ẹ́ńjìnnì. Ẹrẹ̀ rírọ̀ nìkan ló wá kó, kò wá gbẹ́ amọ̀ líle tó wà nísàlẹ̀, torí amọ̀ yẹn ló ń gba omi dúró. Bí ó bá lu ú já, omi á máa jò wọ ilẹ̀, ẹ ó sì máa bi ara yín léèrè ibi tó ń lọ. Èkejì, kó jìnnà sí ìdí ògiri tó sé omi, kò gbọdọ̀ gbẹ́ ibẹ̀ rárá láìsí ẹnjiníà. Ẹ̀kẹta, kí etí omi dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, mítà 3 níbùú fún mítà 1 ní jíjìn, ó kéré tán. Etí tó ga bí ògiri, ọmọdé tó bá já sínú rẹ̀ kò ní lè jáde, ewéko kò sì lè hù sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ibi tí ẹrẹ̀ máa gbẹ sí

Ibi yìí gan-an ni owó wa ti ṣòfò lọ́jọ́sí. Ẹ wá ilẹ̀ pẹlẹbẹ tí àgbàrá kò gbà, tó jìnnà sí etí omi. Ẹ fi erùpẹ̀ mọ ògiri kúkúrú yí i ká, ẹ tẹ́ ẹrẹ̀ sí i kó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Omi tó bá ń ṣàn jáde lára rẹ̀, ẹ darí rẹ̀ gba inú kòtò kan àti koríko kó tó padà sínú adágún.

Ẹrẹ̀ 2,000 kúbíìkì mítà tí mo ṣírò lókè, bí ẹ bá tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó gba ilẹ̀ tó lé ní púlọ́ọ̀tì 14, ìyẹn púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà. Bí ẹ bá pín in sí ìgbà mẹ́ta, púlọ́ọ̀tì 5 á tó: èyí àkọ́kọ́ gbẹ, ẹ kó o, ẹ tẹ́ òmíràn. Ẹ máa fi ràkì tú u kí oòrùn lè dé inú rẹ̀.

Ẹrẹ̀ tó bá yege nínú àyẹ̀wò, tó sì gbẹ dáadáa, ilẹ̀ olóràá ni. Ẹ lù ú mọ́ ilẹ̀ oko, ẹ fún àwọn tó ń gbin igi, ẹ fi dí ibi tí àgbàrá ti họ. Ẹ má fi mọ búlọ́ọ̀kù, ẹ má sì fi kún ìpìlẹ̀ ilé, ewé jíjẹrà inú rẹ̀ kò ní jẹ́ kó di ara mú.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: lẹ́yìn tí katapílà bá lọ

Omi á rú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ fara balẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ ti yẹ kí ẹ hú òṣíbàtà díẹ̀ tọ̀gbòǹgbò-tọ̀gbòǹgbò, kí ẹ fi sínú báàfù omi. Ìsinsìnyí ni kí ẹ dá a padà síbi tí kò jìn. Ojúoró ni kí ẹ ṣọ́. A máa ń gbàdúrà pé kí á lékè bí ojúoró, àmọ́ bó bá bo gbogbo ojú omi, kò ní jẹ́ kí oòrùn wọlé. Ọwọ́ àti ràkì ni kí ẹ fi kó o, kí ẹ gbé e jìnnà. Oògùn apakoríko á pa á lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú omi ló máa jẹrà sí, ẹrẹ̀ tuntun nìyẹn.

Ẹja ńkọ́? Èyí tó wà ní ìlàjì kejì á tàn ká fúnra rẹ̀. Ẹ má sáré lọ ra ọmọ àrọ̀ ẹgbẹ̀rún kan dà sí i. Ìsàlẹ̀ omi ló ń tú, bí ó bá pọ̀ jù, omi kò ní mọ́ láé. Ẹni tó bá fẹ́ sin àrọ̀ títà, kó lọ gbẹ́ ọ̀gọ̀dọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó má sì da omi rẹ̀ sínú adágún àdúgbò.

Ẹ ri òpó kọ́ńkéré mẹ́rin sínú adágún, ẹ fi ọ̀dà pupa sàmì ojú ẹrẹ̀ sára wọn. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdọọdún, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti gba ọlidé, ẹ mú ọ̀pá onípákó yẹn jáde, ẹ wọn ín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdúgbò. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ kó yanrìn inú kòtò òkè.